Gbanájẹ àti Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Tiro

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Gbanájẹ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló rántí rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ní láti wo ìwé ìgbéyàwó kó tó dá a lójú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ń gbẹ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ rélùweè ṣe, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà ló sì fi ń bínú. Ó ń bínú sí irin tó le jù, ó ń bínú sí èyí tó rọ̀ jù, ó ń bínú sí oòrùn pé fèrèsé tí òun ò fẹ́ ló gbà wọlé. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tí iná mànàmáná lọ, wọ́n gbé kẹ́tùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì hó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn tó mu tíì náà.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ní àṣà kan. Ẹni tó bá ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì rélùweè kékeré kan tí kò gùn ju apá lọ, tí ooru omi á máa tì lọ bíi ti ńlá. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, wọn á to ojú irin kékeré sórí tábìlì gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì náà á sì yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú gbogbo èèyàn. Bó bá yí i, tí ẹni tó ń wọn iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i, wọn á lu èdìdì sí ìdí rẹ̀, wọn á gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń ṣí àpótí náà. Bí kò bá yege, olúwarẹ̀ á gbé e lọ sílé fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa fi ṣeré.

Mẹ́fà ló wà nínú àpótí náà. Ẹ̀kẹfà jẹ́ ti ọ̀gá tó kọ́ Gbanájẹ níṣẹ́, ọkùnrin kan tó ti dolóògbé, tó máa ń gbá a létí bí irin bá fi ìwọ̀n irun orí kan yà. Àyè kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè yẹn ni Gbanájẹ ń wò láràárọ̀ bó bá ń wọlé. Kò fẹ́ aago ọwọ́ tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àyè yẹn ló fẹ́.

Òfin kan tún wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ́ ló ń wọ̀n ọ́n, nítorí ojú ìyá kì í rí àbùkù ọmọ. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kòpé ló ń wọn ohun gbogbo. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wá bá a, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní, "Kò pé." Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, níwájú àwọn àlejò tó wá wo ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ̀rọ̀ náà sí irin ńlá kan tí Gbanájẹ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́. Láti ọjọ́ náà, Gbanájẹ kò bá a sọ̀rọ̀ tààrà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín tábìlì wọn. Wẹ́dà, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ń jó irin pọ̀, ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn.

"Wẹ́dà, sọ fún ìyá yẹn pé kó fi ìwé iṣẹ́ mi ránṣẹ́."

"Ìyá, ó ní kí ẹ fi ìwé iṣẹ́ òun ránṣẹ́."

"Mo gbọ́. Sọ fún un pé kò tíì pé."

"Ó ní kò tíì—"

"Mo gbọ́! Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé adití ni mí?"

Wẹ́dà máa ń sọ pé jíjó irin kò rẹ òun rárá, pé jíjẹ́ ọ̀nà ọ̀fun fún àgbàlagbà méjì ló ń pa òun.

Nítorí náà, nígbà tí Gbanájẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kò gbé ẹyọ irin kan dé ọ̀dọ̀ Ìyá Kòpé. Ilé ìdáná ilé rẹ̀ ló ti ṣe é, lórí tábìlì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé ẹ̀fọ́. Òun ló gé e, òun ló gbẹ́ ẹ, òun náà ló wọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko.

Ọjọ́ Àìkú tó ku ọjọ́ márùn-ún kó fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ da omi sí i. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ó ṣe dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì náà ní, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Lábẹ́, ọ̀pá ìdí kọ̀ọ̀kan so ẹsẹ̀ ọ̀tún kan mọ́ ti òsì. Lóde, ọ̀pá idẹ pẹlẹbẹ kan tó ní ihò mẹ́ta kọ́ mọ́ ìṣó ara ẹsẹ̀ mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó di wọ́n pọ̀, kí gbogbo wọn lè máa gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun. Gbanájẹ gbé e sórí ojú irin kékeré tó tò sórí tábìlì, ó tan fìtílà sípíríìtì sábẹ́ rẹ̀. Omi hó. Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, ó gbéra: ṣìì, ṣìì, ṣìì, gì! Ó dúró. Gbanájẹ fi ìka tì í. Ṣìì, ṣìì, ṣìì, gì! Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí dé ojú ibì kan náà, á dì pinpin, bí arúgbó tí orúnkún ń dùn lórí àtẹ̀gùn.

Ó da ọ́ìlì nù, ó rọ òmíràn sí i. Gì! Ó tú ojú irin palẹ̀, ó tún un tò. Gì! Ó bú ẹni tó ta idẹ fún un, ó bú ẹni tó bí ẹni tó ta idẹ, ó sì ń múra àtibú ìran kẹta nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé wá mú ọ̀bẹ.

"Bàbá àwọn ọmọ, àbí nǹkan kan há sí i lẹ́sẹ̀ ni?"

"Kí ló máa há sí i? Ọwọ́ mi ló ṣe é!"

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní kí ẹ ṣe sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà."

"Kí baba ìwà wá yí i fún mi nígbà náà!"

Ló bá fi ọwọ́ òsì di ara ẹ́ńjìnnì mú, ó fi tọ̀tún di ẹsẹ̀ àárín, ó fún eyín pọ̀, ó sì fi gbogbo ìbínú ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yí i kọjá ibi tó ti dì. Nǹkan kan dún nínú lọ́hùn-ún: kẹ́. Ó dún wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi eyín já òwú. Ẹsẹ̀ kọjá.

"Ṣé o rí i?" ó ní fún ìyàwó rẹ̀. "Irin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Ó tún tan iná sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ń dì lójú kan tẹ́lẹ̀ ti wá ń dì lójú méjì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó jókòó bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́. Ó tú ọ̀pá idẹ méjèèjì kúrò, ó fi ìka ta ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn yí wìrìwìrì. Ó dá ti ọ̀tún padà, ó yí i: ó lọ geere. Ó yọ tọ̀tún, ó fi ti òsì sí i: ó dì. Há à! Ọwọ́ ti tẹ olè. Nígbà tó wọn ọ̀pá òsì, àlàfo àárín ihò kan sí èkejì fi ìwọ̀n irun kan kúrú. Ẹnikẹ́ni tó gba ìgbátí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ dáadáa mọ̀ pé ọ̀pá tuntun ni oògùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti ń lọ, inú sì ń ru. Ó mú fáìlì róbótó kékeré tí wọ́n fi ń ha irin, ó fẹ ihò náà díẹ̀. Ọ̀pá òsì wá lọ geere. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́dún náà, ó fi méjèèjì sí i.

Gì!

Ọ̀tún nìkan, kò sí wàhálà. Òsì nìkan, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá ti jọ wà pọ̀, ìjà.

"Mo mọ tọkọtaya tó rí báyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

Gbanájẹ ti mú fáìlì. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó jẹun, ó ti fẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ́ńjìnnì wá ń rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ró kàlà-kàlà-kàlà bí eyín tí wọ́n yá arúgbó, bó bá sì dé ibi tí ojú irin ti tẹ̀, á tún dúró síbẹ̀, á máa tú èéfín sókè bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Gbanájẹ fi àkísà wé e, ó gbé e sínú àpò. Kò sọ ibi tó ń gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò sì bèèrè. Obìnrin tó bá fẹ́ dàgbà mọ ìgbà tí ẹnu ń pani.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Wẹ́dà wà nínú ìkòkò irin ńlá kan, ó ń jó o láti inú, ó sì ti bo ojú àti etí. Gbanájẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ìyá Kòpé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí alágbàsọ. Ó kọjú sí ògiri.

"Ẹni tó bá lójú kó bá mi wo nǹkan yìí."

Ìyá Kòpé kò gbórí sókè. "Ṣé ògiri lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí èmi?"

"Ẹni tó bá gbọ́ nínú yín."

"Ògiri ò ní kálípà."

Ó mú kálípà tó fi ń wọn irin, ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú ọ̀pá idẹ méjèèjì, ó gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ tó fi ń wọn nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Gbanájẹ ń fi bàtà lu ilẹ̀.

"Ẹ yéé lulẹ̀. Ẹ wò ó. Bí ìṣó ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wà lókè, tòsì gbọ́dọ̀ wà níwájú, bákan náà lórí ọ̀pá ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì dára. Tàárín yìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń sọ pé ó yá, tòsì ń sọ pé ẹ dúró ná. Ta ló fipá yí i?"

"Kò sẹ́ni tó yí i."

"Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìdí ti já. Gọ́ọ̀mù kì í dédé já. Àbí iwin wọ ilé ìdáná yín?"

Gbanájẹ wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi ló ní kí n ṣe sùúrù."

"Ìyẹn ló sì bí yín nínú?"

"Ìyẹn gan-an."

Ìyá Kòpé bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. "Àṣìṣe yín àkọ́kọ́ kò ju irun kan lọ. Ká ní ẹ ti gbé e wá ni, ǹ bá ti rí i kí tíì tó tutù. Èkejì yìí, ìbínú ló ṣe é, kì í ṣe irin. Ẹ̀kẹta..." Ó gbé ọ̀pá idẹ kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo inú ihò rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. "Ẹ lọ mú nǹkan tí a ó fi yọ ẹsẹ̀ yìí wá ná."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n yọ ẹsẹ̀ àárín, wọ́n sì tún un gbé sípò. Gbanájẹ ń sún un, Ìyá Kòpé ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń yọjú wò wọ́n, bí ẹni ń wo ajá àti ológbò tó ń jẹun nínú abọ́ kan.

"Ẹ sún un."

"Mo ti sún un."

"Ó pọ̀ jù. Ẹ dá a padà díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Díẹ̀ tí kò ní ìbínú nínú."

Nígbà tó dúró síbi tó yẹ, Gbanájẹ lu ihò tíntín kan sí ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ọ̀pá ìdí, ó kan ìṣó kékeré mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà tún lè fipá yẹ̀ ẹ́, àti òun náà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Wọ́n to àga, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìyàwó Gbanájẹ wọ aṣọ tuntun, Gbanájẹ wọ kóòtù tó ń fún un lábíyá, ó sì ti bínú sí kóòtù náà láti ilé. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, tó kéré sí gbogbo wọn lọ́jọ́ orí, sọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ẹni tí kò jọ Gbanájẹ rárá: onísùúrù, onírẹ̀lẹ̀. Wẹ́dà wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Wọ́n tan iná sí ẹ́ńjìnnì. Ó gbéra. Kàlà-kàlà, kàlà-kàlà, ó lọ, kò dúró. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Kòpé sún mọ́ ọn pẹ̀lú èdìdì àti òòlù lọ́wọ́. Ó dojú ẹ́ńjìnnì dé, ó fi ìka kan ṣoṣo mi ọ̀pá idẹ. Ọ̀pá idẹ mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Ó bọ́ awò rẹ̀.

"Kò pé."

Wẹ́dà rọra gbé ike omi kúrò nítòsí Gbanájẹ, kó má baà hó.

"Níwájú èèyàn!" Gbanájẹ pariwo. "Ẹ tún ṣe é fún mi níwájú èèyàn! Ṣé kò yí i ni? Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i, mo sì gbọ́ ọ. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fẹ̀; láti Ọjọ́rú ni mo ti rí i, mo rò pé ẹ ó ti ṣe ọ̀pá tuntun. Bó bá rìn fún wákàtí kan, á máa jẹ ara rẹ̀ lọ."

Ọ̀gá dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Inú àpótí ló ń lọ, kò tún ní rìn mọ́ láyé. Ta ló máa wo ihò? Ẹ lu èdìdì, ká lọ jẹun."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Gbanájẹ náà rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ní láti ṣe ni kó dákẹ́. Àyè inú àpótí ti di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gbanájẹ ti yíjú sí Ọ̀gá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹnu ìbọn ṣe ń yí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti ń gbẹ́ irin tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ káàkiri. Wọ́n ti bú u, wọ́n ti dá iṣẹ́ padà fún un, wọ́n ti gbá a létí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ rí pé ta ló máa wò ó.

"Kí lẹ sọ?"

"Bàbá, mo kàn ní—"

"Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ kàn ní! Èmi ni mo máa wò ó! Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, màá mọ̀. Bí mo bá ń jẹun, màá mọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi wà nínú àpótí yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ dúró tì í pẹ̀lú ihò bí ẹnu àpò? Obìnrin yìí ti ń bí mi nínú fún ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ mi pe nǹkan ìṣeré rí!" Ó yíjú sí Ìyá Kòpé, ohùn rẹ̀ kò sì tíì wálẹ̀. "Aago mélòó la wà?"

"Mọ́kànlá ti kọjá."

"Aago mélòó ni wọ́n ń tilẹ̀kùn?"

"Mẹ́rin."

"Bàbá," Ọ̀gá ní, ojú rẹ̀ ti le, "bí aago mẹ́rin bá lù tí kò tíì parí, mi ò ní ṣí àpótí lọ́jọ́ Ajé o. Òní lòní ń jẹ́. Ẹ gba èyí tí wọ́n fún yín."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rò ó," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti rò ó. Bá mi di kóòtù yìí mú."

Báyìí ni ẹni tó ń fẹ̀yìn tì ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, nínú ṣòkòtò tó ti lọ̀. Ó gé idẹ méjì, ó so wọ́n pọ̀ nínú báìsì, irin tó ń di iṣẹ́ mú, kó lè lu ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò wọn nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ìyá Kòpé ń wọn àlàfo ọ̀pá ìdí sí ọ̀pá ìdí, ó ń pe iye rẹ̀, òun ń fi àmì sí i. Àwọn èèyàn jẹun, wọ́n yó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Nígbà tó di aago méjì, Gbanájẹ gbé ọ̀pá méjèèjì fún Ìyá Kòpé. Ìyá náà wọ̀n wọ́n, ó ní, "Ihò àárín yà."

Gbogbo ẹni tó kù múra àtisá. Gbanájẹ bú ìyá idẹ náà, ó bú bàbá rẹ̀, ó ju ọ̀pá méjèèjì sínú agolo pàǹtí tó fi dún gbàù, ó sì gé méjì mìíràn. Kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló ya Wẹ́dà lẹ́nu jù: ìbínú wà lójú rẹ̀, ó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, Ìyá Kòpé gba ọ̀pá tuntun méjì náà. Ó wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nà wọ́n sí Gbanájẹ, ó ní, "Ẹ fi sí i."

Nígbà tí omi fi máa hó, èèyàn mẹ́rin ló kù lẹ́yìn Gbanájẹ: ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kòpé, Wẹ́dà, àti Ọ̀gá tó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì gbéra. Kò sí kàlà-kàlà, kò sí gì. Ṣìì, ṣìì, ṣìì, omi nìkan ló ń mí. Wẹ́dà ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé: ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá Kòpé dojú rẹ̀ dé bó ṣe gbóná, ó gbé èdìdì lé e, ó gbé òòlù sókè. Òòlù balẹ̀, fèrè aago mẹ́rin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyàwó Gbanájẹ wò ó. Ọ̀gá pa ẹnu dé, ó sì lọ ṣí àpótí.

Gbanájẹ kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú àyè náà, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó tún padà, ó yí i kó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí gíláàsì, kí ọ̀pá idẹ àti ihò rẹ̀ hàn kedere sí ẹni tó bá ń wọlé.

"Ó dáa," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wo tábìlì oúnjẹ. Abọ́ ti ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló jẹ oúnjẹ mi?"

"Ẹ̀yin lẹ lọ ṣe ọ̀pá," ìyàwó rẹ̀ ní, ó na kóòtù sí i. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó sì ń bínú lọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí dé ẹnu ọ̀nà ilé.